Ìyá Àgbà Mọ Orúkọ Ẹyẹ Náà

Bọ̀ọ̀dá Múfú ní kí n kọ ìtàn Ìyá Àgbà sójú ìwé kan ṣoṣo, kí a lè pín in fún àwọn tó bá wá síbi àdúrà ọjọ́ kẹjọ. Èmi ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún nítorí pé ilé ìtẹ̀wé ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Ṣómólú, àti nítorí pé èmi ni mo gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ pẹ́ jù nínú gbogbo ọmọ-ọmọ. Bọ̀ọ̀dá ni àkọ́bí rẹ̀, ó sì ti sọ ohun tó fẹ́ kó wà níbẹ̀: ibi tí wọ́n bí i sí, ọkọ tó fẹ́, iye ọmọ tó bí, mọ́sálásí tó ti ń kírun. Mo kọ ọ́. Kò kún ìdajì ojú ìwé. Nígbà tí mo kà á tán, mo rí i pé a lè yọ orúkọ Ìyá Àgbà kúrò, ká fi ti ìyá ẹlòmíràn sí i, kò sì ní sẹ́ni tó máa mọ̀. Ìwé tí wọ́n pín nìyẹn. Èyí tí mo ń kọ yìí ni tèmi.

Ìyá Àgbà kéré lára, ohùn rẹ̀ ló ga. Bó bá pe èèyàn láti ẹ̀yìnkùlé, ẹni tó wà lójú títì lè dáhùn. Abúlé kan lẹ́bàá Ògbómọ̀ṣọ́ ni òun àti Bàbá Àgbà ti wá. Bíríkìlà ni Bàbá Àgbà, wọ́n sì kọ́ ilé sí Mùṣin nígbà tí Mùṣin ṣì ní igbó díẹ̀. Yàrá mẹ́wàá ni, márùn-ún kọjú sí márùn-ún, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan ló wà láàárín wọn. Bàbá Àgbà kú kí wọ́n tó bí mi. Àtìgbà náà ni Bọ̀ọ̀dá Múfú ti ń bójú tó ilé àti àwọn ayálégbé, ṣùgbọ́n bàbá wọn ti sọ fún gbogbo ọmọ kó tó lọ pé yàrá tó kángun sí ẹ̀yìnkùlé, ti ìyá wọn ni títí ọjọ́ ikú rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dá a lẹ́kun níbẹ̀. Gbogbo ilé ló mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yìnkùlé ni Ìyá Àgbà tìtorí rẹ̀ mú yàrá yẹn. Kò fẹ̀ ju ibi tí mọ́tò méjì lè dúró sí lọ, àmọ́ oko ló ń pè é. Yóò ní, "Mo fẹ́ dé oko," yóò ṣílẹ̀kùn, ó ti dé oko nìyẹn. Ó gbin ewúro sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó gbin ata sínú bàsíà tó ti jò, ó gbin ṣọkọ sínú táyà. Ìgbà kan wà tí Bọ̀ọ̀dá ra fìríìjì fún un. Nígbà tó bà jẹ́, kò jẹ́ kí wọ́n gbé e fún àwọn tó ń ra kọ́ńdẹ́mù. Ó ní kí n bá òun tẹ́ ẹ sílẹ̀ kó dojú sókè, a yọ ilẹ̀kùn rẹ̀, a kó iyẹ̀pẹ̀ kún inú rẹ̀, ó sì gbin tẹ̀tẹ̀ sí i. Tẹ̀tẹ̀ náà yọ dáadáa. Kò sí àlejò tí kì í mú lọ wò ó. "Ọdún méjì ló fi wà nínú ilé tí kò ṣe nǹkan kan fún mi," ló máa ń wí. "Ìgbà tó dé oko ló tó mọ iṣẹ́."

Ó máa ń jí mi kí wọ́n tó pe ìrun Àsùbáà. Èmi ni mo máa ń gbá ẹ̀yìnkùlé, tí mo bá sì gbá a tán, yóò bẹ̀rẹ̀, yóò máa wo ilẹ̀ náà. Ojú ọwọ̀ gbọ́dọ̀ tọ́. Bó bá wọ́, màá tún un gbá ni, bí mo tilẹ̀ fẹ́ pẹ́ dé ilé ìwé. Lọ́jọ́ kan mo bi í pé ta ló fẹ́ wá wo ojú ọwọ̀ lẹ́yìnkùlé Mùṣin. Ó ní, "Àwọn adìyẹ ńkọ́? Ṣé àwọn ò gbé ibẹ̀ ni?"

Àwọn èèyàn rò pé àárò abúlé ló ń sọ ọ́. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀, títí mo fi bá a lọ síbẹ̀ nígbà ìgbéyàwó ẹbí kan. Ọjọ́ mẹ́rin la fẹ́ lò. Lọ́jọ́ kejì, ó ti di ẹrù rẹ̀. Wọ́n ti da kọnkéré sí àgbàlá tó ti ṣeré nígbà tó wà lọ́mọdé, jẹnẹrétọ̀ ń dún lọ́wọ́ ọ̀tún, ẹlòmíràn gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn síta lọ́wọ́ òsì, kò sì sẹ́ni tó ń sin adìyẹ mọ́. Tọ́kì inú yìnyín ni wọ́n fi ṣe wá lálejò. A ti kọjá Ìbàdàn nínú mọ́tò tó gbé wa padà. Ó wá pè mí ní oríkì mi, ó ní, "Àbẹ̀ní, abúlé tó kù, Mùṣin ló wà." Mo rẹ́rìn-ín. Òun ò rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Sátidé lọjọ́ irú. Láti ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ ló ti máa ń gbé e kaná, iná igi, yóò sì hó di ọjọ́ kejì. Láàárọ̀, obìnrin mẹ́fà yóò dé. Gbogbo wọn ló wá láti agbègbè tó ti wá, gbogbo wọn ló sì wà nínú ẹgbẹ́ àsàlátù kan náà, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó máa ń ṣe àdúrà pọ̀ ní mọ́sálásí ìparí àdúgbò wa lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Wọ́n á fọ ẹsẹ̀, wọ́n á ká ìró sókè dé orúnkún, wọ́n á bọ́ sínú ọpọ́n ńlá méjì, wọ́n á sì máa fi ẹsẹ̀ tẹ èso náà kí èèpo rẹ̀ lè bọ́. Ó máa ń tó wákàtí méjì. Ọ̀rọ̀ àdúgbò ni wọ́n máa ń tẹ̀ mọ́ ọn: ẹni tó kó jáde, ẹni tó lóyún, ẹni tí ọkọ rẹ̀ ò wálé. Ohun tí wọ́n bá sọ nínú ọpọ́n yẹn láàárọ̀ ti máa ń dé ọjà kó tó di ọ̀sán.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n á ṣàn án, wọ́n á tún un sè, wọ́n á fi ewé bò ó mọ́lẹ̀ kó lè ta. Nígbà tó bá ta, kò sí yàrá tí òórùn rẹ̀ kì í wọ̀. Ọmọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ báńkì, ayálégbé tuntun, lọ fẹjọ́ sun Bọ̀ọ̀dá Múfú. Ìyá Àgbà ò bá a jà. Ó fi irú náà se ọbẹ̀ ilá, ó bù ú lọ fún un pẹ̀lú ọkà gbígbóná, ó sì jókòó tì í títí ọmọ náà fi fi ìka nu àwo. Ó gba àwo rẹ̀, ó ní, "Ṣé o rí i? Imú ẹ ló ń bá mi jà, ẹnu ẹ ò mọ̀ sí i."

Bí ẹnu Ìyá Àgbà ṣe rí nìyẹn. Gbogbo wa la fẹ́ràn rẹ̀. Kì í ṣẹlẹ̀ pé èèyàn ń rẹ́rìn-ín lọ́wọ́ kó tún máa ro ti ẹni tí wọ́n fi rẹ́rìn-ín. Ẹni tí wọ́n sì sábà máa ń fi rẹ́rìn-ín ni Màmá Ṣakí.

Màmá Ṣakí ni ayálégbé tó pẹ́ jù nínú ilé. Ṣakí ló ti wá, ọmọ kan ṣoṣo tó bí ti kú, kò sì ní ẹbí kankan ní Èkó tí a mọ̀. Èlùbọ́ ló ń tà nínú yàrá rẹ̀, yàrá yẹn sì ló tẹ̀ lé ti Ìyá Àgbà. Òun náà máa ń lo ẹ̀yìnkùlé, torí ibẹ̀ ló ti ń sá èlùbọ́ rẹ̀ sórí àpò. Ìyá Àgbà ní adìyẹ márùn-ún tó ń rìn fàlàlà níbẹ̀. Ẹ ò nílò kí n sọ ìyókù. Ọdún mẹ́wàá, ó lé, ni wọ́n fi ja ìjà yẹn. Kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó dàgbà jù nínú àwọn méjèèjì, nítorí náà kò sẹ́ni tó gbà láti fún ẹnì kejì ní "ẹ". "Ìwọ" sí "ìwọ" ni. Ìyá Àgbà ní adìyẹ ò mọ ààlà. Màmá Ṣakí ní ẹni tó ni adìyẹ mọ̀ ọ́n.

Lẹ́yìn ọgbà wa, ilẹ̀ kan wà tí ẹbí kan ń ṣẹjọ́ lé lórí láti ìgbà tí mo ti gbọ́n. Kò sẹ́ni tó kọ́lé síbẹ̀, koríko eésún àti igi kún inú rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò ọdún tí mo parí ilé ẹ̀kọ́ girama, nǹkan kan bẹ̀rẹ̀ sí í ké níbẹ̀ lóru. Ohùn náà máa ń bẹ̀rẹ̀ látòkè, yóò sì máa yí wálẹ̀, hù-hù-hù-hù-hù, bí ìgbà tí omi bá ń jáde lẹ́nu kèrègbè. Àwọn jẹnẹrétọ̀ ti kú lálẹ́ ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, ilé sì dákẹ́. Ẹ̀rù bà mí lórí ẹní. Ìyá Àgbà ò tilẹ̀ gbórí sókè. Ó ní ẹlúlùú ni, òjò ló ń pè, kí n sùn. Ó ní lábúlé àwọn, òun ni wọ́n fi ń mọ̀gbà tó yẹ kí wọ́n kó ohun tí wọ́n bá sá wọlé. Ó ní adúrú ìgbà tí òun ti gbọ́ ọ kẹ́yìn! Inú rẹ̀ dùn. Òjò rọ̀ lọ́jọ́ kejì lóòótọ́.

Àwọn tó kù nínú ilé ò mọ ẹlúlùú. Èkó ni wọ́n bí wọn sí, àwọn tí wọn ò sì bí síbẹ̀ ti gbàgbé. Ọkọ Àǹtí Sìdí, tí òun àti ìyàwó rẹ̀ ń gbé yàrá iwájú, fi fóònù gba ohùn náà sílẹ̀, ó sì fi sórí Wásáàpù ilé wa pé kí àwọn àgbà wá wí nǹkan kan. Kò tó ọ̀sẹ̀ kan tí ohùn náà fi padà sọ́dọ̀ wa láti ọwọ́ àwọn tí a ò mọ̀, wọ́n ti kọ àdúrà ìṣẹ́gun sábẹ́ rẹ̀. Ìyá Àgbà rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kà á fún un. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé ẹlúlùú ni. Kò sẹ́ni tó bi í, èmi náà ò sì sọ.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, àgbébọ̀ Ìyá Àgbà kó ọmọ rẹ̀ gun èlùbọ́. Màmá Ṣakí ju igi sí i, igi náà sì ṣẹ́ ẹ lẹ́sẹ̀. Adìyẹ tó ń yé jù lọ nìyẹn. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn obìnrin mẹ́fà wà nínú ọpọ́n irú, wọ́n ń sọ ọ̀rọ̀ ohùn òru, wọ́n ń bi ara wọn pé kí ló lè jẹ́. Ìyá Àgbà ń di ẹsẹ̀ adìyẹ náà mọ́ igi pẹ̀lú àkísà. Ó ní, "Ẹ bi Màmá Ṣakí ibi tó máa ń lọ lóru."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Èmi ni mo ń da omi sí ọpọ́n. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ Túsìdeè, oyún oṣù mẹ́rin bà jẹ́ lára Àǹtí Sìdí. Ẹlẹ́ẹ̀kejì rẹ̀ nìyẹn. Wọ́n sọ fún un ní ọsibítù pé ẹ̀jẹ̀ ríru ló fà á, pé ó yẹ kó ti tètè wá, ṣùgbọ́n ìgbà tó fi padà dé ilé, àlàyé mìíràn ti ń dúró dè é. Ìyá Wàídì, ọ̀kan nínú àwọn obìnrin irú, ló sọ ọ́ jáde níwájú ilẹ̀kùn rẹ̀: àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni ò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Ó ní àwọn kọ́ làwọn sọ ọ́, ìyá onílé fúnra rẹ̀ ló mẹ́nu lé ẹni tó ń ké.

Àtọjọ́ náà ni nǹkan ti yí padà fún Màmá Ṣakí. Kò sẹ́ni tó ra èlùbọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Bó bá jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwọn ìyá á fa ọmọ wọn wọlé. Ó kí èèyàn láàárọ̀, wọn ò dáhùn. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ó tẹ́ ẹní rẹ̀ níbi àsàlátù, àwọn tó wà lọ́tùn-ún àti lósì rẹ̀ sì dìde, wọ́n ká ẹní tiwọn lọ síbòmíràn. Níkẹyìn, àwọn ayálégbé para pọ̀ lọ bá Bọ̀ọ̀dá Múfú pé Màmá Ṣakí ni yóò jáde tàbí àwọn. Bọ̀ọ̀dá kì í ṣe ìkà èèyàn. Ó ro ilé tó máa ṣófo, ó ro ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn èèyàn, ó sì kọ kúìtì nótíìsì. Ó ní kí Màmá Ṣakí jáde kí oṣù tó parí. Obìnrin tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, tí kò mọ ilé ẹnì kan ní gbogbo Èkó.

Mo dúró de Ìyá Àgbà kó sọ̀rọ̀. Kò sọ ọ́. Ó ń tọ́jú adìyẹ rẹ̀, ó ń bomi rin ewúro rẹ̀, kò sì jẹun dáadáa. Nígbà tó di alẹ́ ọjọ́ kan, mo bi í pé ṣebí ẹlúlùú ni. Ó ní òun mọ̀. Mo ní kó sọ fún wọn nígbà náà. "Bí mo bá ní ẹlúlùú ni," ló wí, "wọ́n á bi mí pé kí ló dé tí mo fi sọ èyí tí mo sọ."

Oyè Ìyá Sùnà ni Ìyá Àgbà jẹ́ lẹ́gbẹ́ àsàlátù. Ọdún méjìlá ló ti wà lórí oyè náà, iwájú ló máa ń jókòó, bó bá sì fẹ́ sọ̀rọ̀, gbogbo obìnrin á dákẹ́. Kò sí ohun tó ní láyé yìí tó ń gbé e níyì tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí oṣù ku ọjọ́ márùn-ún, mo bá a gbé báàgì lọ síbi àsàlátù. Àfáà ṣe wáàsí tán. Ìyá Àgbà ní òun ní ọ̀rọ̀ kan. Ó dìde, ó rìn lọ síwájú, ó sì kúnlẹ̀ sórí símẹ́ńtì, níwájú àwọn obìnrin tó tó ọmọ rẹ̀.

Ó ní, "Ohun tí ẹ̀ ń gbọ́ lóru, ẹlúlùú ni. Ẹyẹ ni. Mo ti mọ̀ láti alẹ́ tó kọ́kọ́ ké. Màmá Ṣakí ṣẹ́ adìyẹ mi lẹ́sẹ̀, inú bí mi, mo fi ohùn ẹyẹ lé e lórí. Irọ́ ni mo pa mọ́ ọn."

Àǹtí Sìdí wà láàárín wọn, kò tíì tó oṣù kan tí oyún náà bà jẹ́. Ó dìde. Kò pariwo. Ó ní, "Màmá, ta ni kẹ́ ẹ wá ní kí n máa bínú sí báyìí?"

Ìyá Àgbà wò ó láti orí ìkúnlẹ̀. "Èmi," ló wí. "Máa bínú sí mi."

Ẹ má rò pé ibẹ̀ ló parí sí. Ìyá Wàídì ní ó ṣeé ṣe kí àwọn méjèèjì jọ wà nínú ẹgbẹ́ kan náà, kí ọ̀kan máa bo èkejì. Àwọn kan gbà á gbọ́. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ẹlòmíràn ti jókòó sórí àga Ìyá Sùnà, wọn ò tilẹ̀ ránṣẹ́ sọ fún un. Ó dé, ó rí i, ó lọ tẹ́ ẹní rẹ̀ sẹ́yìn pátápátá, lẹ́bàá ibi tí wọ́n ń bọ́ bàtà sí. Ibẹ̀ ló jókòó sí títí ó fi kú, kò sì pa Sọ́ńdè kan jẹ. Mo bi í nígbà kan bóyá ó dùn ún. Ó ní ó dùn òun gan-an. Ó ní, "Àmọ́ a máa ń gbọ́ àdúrà láti ẹ̀yìn náà."

Bọ̀ọ̀dá Múfú ò gba nótíìsì rẹ̀ padà. Ó ní òun gbọ́ ohun tí ìyá òun wí, ṣùgbọ́n àwọn ayálégbé ṣì ń halẹ̀, òun ò sì lè fi yàrá mẹ́jọ wá yàrá kan. Lọ́jọ́ tí oṣù parí, Màmá Ṣakí ti kó ẹrù rẹ̀ jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó jókòó lórí àpò èlùbọ́, kò sì sẹ́ni tó mọ ibi tó ń lọ, òun náà ò mọ̀. Ìyá Àgbà jáde. Ó di orí tìmùtìmù Màmá Ṣakí mú, ó ní kí n mú ìdí. A gbé e wọ yàrá tó kángun sí ẹ̀yìnkùlé. Bọ̀ọ̀dá dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò lè wí nǹkan kan, torí ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ lórí yàrá yẹn kò ṣeé yí. Màmá Ṣakí ò dìde. Ó ní òun ò fẹ́ràn Ìyá Àgbà, òun ò sì lè bá a gbé.

"Mi ò ní kó o fẹ́ràn mi," ni Ìyá Àgbà wí. "Mo ní kó o wọlé."

Ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n fi gbé pọ̀. Inú mi ì bá dùn láti sọ pé wọ́n di ọ̀rẹ́. Wọ́n jà lórí fáànù, wọ́n jà lórí fèrèsé, wọ́n jà lórí bóyá iyọ̀ pọ̀ nínú ọbẹ̀. Bí ọ̀kan bá ń ṣàìsàn, èkejì á fún un lóògùn, á sì máa bú u nítorí pé kò tètè sọ. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, àwọn èèyàn tún bẹ̀rẹ̀ sí í ra èlùbọ́. Àǹtí Sìdí ń ṣọ́ ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, ó sì bí obìnrin. Ó pẹ́ kó tó kí Màmá Ṣakí, àmọ́ ó kí i. Ìyá Àgbà nìkan ni kì í fi bẹ́ẹ̀ kí, ó sì gbà á bẹ́ẹ̀. Ohun kan ni mi ò rí rí ní gbogbo ọdún yẹn: mi ò rí i kí Ìyá Àgbà bẹ Màmá Ṣakí fúnra rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ fún gbogbo ẹgbẹ́, kò sì kúnlẹ̀ fún un. Mo bínú sí i nítorí ìyẹn, mo sì ṣì ń bínú díẹ̀.

Ó kú lọ́sàn-án ọjọ́ Mọ́ńdè kan lẹ́yìn tó kírun Alásàrí tán. Ó ní ó rẹ òun, ó sùn. Màmá Ṣakí ló wà lọ́dọ̀ rẹ̀. A sin ín kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ tán.

Lọ́jọ́ kejì àdúrà ọjọ́ kẹjọ, Bọ̀ọ̀dá Múfú mú káfíńtà wá láti wọn yàrá náà. Ó fẹ́ pín in sí méjì kó fi háyà. Ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ ti pé: títí ọjọ́ ikú rẹ̀. Káfíńtà na tépù, Bọ̀ọ̀dá di orí kejì mú. Màmá Ṣakí ti kó ẹrù rẹ̀ sínú àpò méjì láàárọ̀, kó tó di pé ẹnikẹ́ni sọ nǹkan kan fún un, ó sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́nu ọ̀nà. Ara mi ń gbóná. Mo fẹ́ kí Bọ̀ọ̀dá gbọ́ ohun tí ìyá rẹ̀ ṣe fún obìnrin yìí, mo sì fi ohùn òkè bi Màmá Ṣakí bóyá ó mọ̀, kí Ìyá Àgbà tó lọ jẹ́wọ́, pé Ìyá Àgbà ló kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ náà.

"Mo mọ̀," ni Màmá Ṣakí wí. "Mo wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn lọ́jọ́ yẹn. Mo gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ̀. Mo gbọ́ ẹ̀rín tìẹ náà."

Mo kúnlẹ̀ síbi tí mo wà. Mo bi í pé kí ló dé tó fi wọlé tọ Ìyá Àgbà nígbà náà.

Ó wo ọwọ́ rẹ̀. Ó ní, "Gbogbo ilé ò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Wọ́n ń sá fún mi. Ìyá ẹ nìkan ló ṣì ń bú mi láràárọ̀ lórí adìyẹ ẹ̀. Mo wá mọ̀ pé òun nìkan ni kò bẹ̀rù mi."

Káfíńtà ń dúró kí Bọ̀ọ̀dá sún síwájú. Bọ̀ọ̀dá ò sún. Ó wo Màmá Ṣakí, ó wo àwọn àpò méjèèjì, ó sì jọ̀wọ́ orí tépù tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ ká a," ló wí fún káfíńtà. "Èèyàn ń gbé inú yàrá yìí."